Ẹ Bi Mí: Ṣé Àrá Abuja Yìí Ń Ya Wá Ní X-ray Ni?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Abuja, Kaduna, Jos, Minna àti gbogbo Òkè Ọya pátá. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àrá dá wa lóró lóṣù kẹrin, ìbéèrè lórí mànàmáná ló kún fóònù wa. Mẹ́ta ni mo mú nínú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní SS2 ló rí nǹkan kan kà lórí fóònù, ó ní àrá tó ń sán yìí máa ń tú ìtànṣán gámà jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ nílé ìwòsàn. Látìgbà yẹn, tí òjò bá ti ṣú báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ ó ti bá a. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ọ̀yọ́ ní kí n má dá a lóhùn, Ṣàngó ni, Ṣàngó ò mọ gámà kankan. Ẹ bá mi dá sí i, ta ló parọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má bá a wí o, òótọ́ ló sọ, ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ló ti ṣì í. Ti màmá, mo máa dé bẹ̀.

Ẹ wo ìkùukùu gíga dúdú yẹn, èyí tó máa ń ti ìhà Keffi rọ́ bọ̀ wá bá wa. Òkè ibẹ̀ tutù ju inú fíríìsà lọ, yìnyín wẹ́wẹ́ ló kún bẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé àwọn tó fúyẹ́ lọ sókè, àwọn tó wúwo ń já bọ̀, wọ́n ń forí gbára, bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn yẹn ni iná ń pín sí méjì, pósítíìfù lọ sókè, nẹ́gẹ́tíìfù jókòó sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ọyẹ́ níbí mọ irú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń bọ́ súwẹ́tà lálẹ́ tó ń ta pàrà pàrà tó ń tan iná nínú òkùnkùn. Ti inú ìkùukùu ló kàn pọ̀ kọjá sísọ, ní India lọ́dún 2014 wọ́n wọn ọ̀kan tó tó 1.3 bílíọ̀nù volt.

Wàyí o, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni èérún bín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù tó gbé iná nẹ́gẹ́tíìfù. Èyí tó bá ń sáré nínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ló máa ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n tí iná inú ìkùukùu bá ti le dé àyè kan, agbára tó ń rí gbà á ju èyí tó ń pàdánù lọ, ó di tírélà tí bíréèkì ẹ̀ já ní gẹ̀rẹ́ Kugbo nìyẹn, gbogbo èyí tó bá kọlù lọ́nà, òun náà á bẹ́ sí eré, ọ̀kan á di mẹ́wàá, mẹ́wàá á di àìmọye. Tí wọ́n bá wá fi irú eré yẹn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́, ọ̀nà wọn á yà, agbára tó bọ́ lọ́wọ́ wọn níbi tí wọ́n ti yà yẹn ló ń jáde bíi gámà. Ẹ̀rọ X-ray ilé ìwòsàn ò ṣe nǹkan míì, irin ni tiẹ̀ ń gbá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń ya àyà ń lo bíi 100,000 volt, agbára gámà inú òjò lè tó èyí tí 20 mílíọ̀nù volt ń fúnni, kó tún lé.

C.T.R. Wilson, onífísíìsì ọmọ Scotland, ti sọ ọ́ láti 1925 pé ìkùukùu àrá lè lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré báyìí, àmọ́ nǹkan bí 70 ọdún ni ò sẹ́ni tó fojú rí gámà ẹ̀ látòkè. Ìgbà tí wọ́n sì máa rí i, òun kọ́ ni wọ́n ń wá. Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì Compton lọ sókè ní 1991 kó máa wo gámà tó ń ti ọ̀nà jíjìn réré wá, láàárín àwọn ìràwọ̀ lọ́hùn-ún, ló bá ń rí àwọn kan tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, láti ilé ayé níbí, ìkọ̀ọ̀kan ò ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìdá sẹ́kọ́ńdù lọ. 1994 ni wọ́n tó kéde ẹ̀. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà, àwọn èèyàn na ọrùn wo ìpẹ̀kun ọ̀run, ẹni tó ń pè wọ́n wà lẹ́yìnkùlé.

Ṣé ó lè bá ọmọ yín nínú ilé ní Kubwa? Rárá. Ibi tí àwọn tó lágbára yẹn ti ń ṣẹlẹ̀ ga tó 10 kìlómítà, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wa nípọn, ó ti mu ún tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló ń gbà á. Mànàmáná fúnra ẹ̀ ni kó sá fún, ó gbóná tó ojú oòrùn lọ́nà márùn-ún. Kó kúrò lábẹ́ máńgòrò, kó kúrò lórí pápá bọ́ọ̀lù, kó má fara ti páìpù omi, kó ti yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n kí òjò tó dé. Tó bá rí ìmọ́lẹ̀, kó máa ka sẹ́kọ́ńdù, 3 jẹ́ kìlómítà kan, tí kò bá tíì kà dé 30 tí àrá fi sán, inú ilé ló yẹ kó wà tàbí inú mọ́tò tó ní òrùlé irin, kó sì dúró 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn.

Ní ti màmá, èmi ò bá ìyá Ọ̀yọ́ jiyàn Ṣàngó o. Wilson sọ bí àrá ṣe ń ṣe é, kò sọ ẹni tó ni ín. Ẹdùn àrá nìkan ni mo máa yọ sọ́tọ̀, àáké òkúta àwọn ará ìgbàanì ni, òjò ló ń wẹ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí ẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin, Wuse: Mo máa ń wọ báálù lọ Èkó lóṣooṣù. Lóṣù tó kọjá a bọ́ sínú òjò, báálù ń jó, mànàmáná ń kọ lójú fèrèsé, obìnrin kan ń pe Jésù, èmi ń ka Ayatul Kursiyyu. Tó bá jẹ́ òkè níbẹ̀ ni gámà yẹn wà, ṣé kì í ṣe àwa gan-an la wà nínú ẹ̀?

Ọ̀gá mi, ẹ ti ronú débi tó yẹ. Báálù ń fò ní nǹkan bí 10 sí 12 kìlómítà, àdúgbò gámà náà nìyẹn. Ní 2009 báálù ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ tó ń ka gámà dání, wọ́n rí nǹkan kan lórí rédà, wọ́n rò pé etíkun Georgia ni, wọ́n dorí kọ ọ́, àṣé ìkùukùu àrá ló tò lọ bẹ́ẹ̀. Báálù ń yí sọ́tùn-ún sósì, ó já wálẹ̀ lójijì, Joseph Dwyer, onífísíìsì tó wà nínú ẹ̀, rò pé ayé òun ti tán. Ìgbà tí wọ́n jàjà bọ́, tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ wò, àmì pósítírọ́ọ̀nù ni wọ́n bá níbẹ̀, ìyẹn ìbejì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó gbé iná òdìkejì, tí òun àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá pàdé, àwọn méjèèjì á pòórá, gámà ni wọ́n á dà.

Lọ́dún yẹn kan náà, ọjọ́ 14 oṣù kejìlá, sátẹ́láìtì Fermi, tí òun náà ń wo gámà, ń kọjá lọ lókè Egypt jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀, pósítírọ́ọ̀nù ṣàdédé rọ́ bá a. Ẹ mọ ibi tí òjò tó ṣe é wà? Zambia! Agbára òòfà ilé ayé ló gbé wọn láti ibẹ̀, bí ẹni wọ rélùwéè.

Èyí tó jẹ́ tuntun ni ti oṣù keje 2023. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti Bergen ní Norway àti NASA fi báálù ER-2, tó ń fò ní 20 kìlómítà, kọjá lórí òjò tó wà lágbègbè Florida àti Caribbean, ìgbà 10 ni wọ́n gbéra, ìgbà 9 ni wọ́n rí gámà. Ṣáájú ìgbà yẹn, nǹkan tó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n pè é. Àṣé ìkùukùu náà ń hó bí ìkòkò ọbẹ̀ ni, gámà ń yọ níbí, ó ń yọ lọ́hùn-ún, fún wákàtí mélòó kan, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kìlómítà onígun mẹ́rin, ẹ rántí pé gbogbo FCT wa ò ju nǹkan bí 7,300 lọ.

Ṣé kẹ́ ẹ wá máa gba títì lọ Èkó ni? Ọ̀nà Lokoja yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jàre. Ìjì àti yìnyín ló ń mú kí àwọn páílọ́ọ̀tì máa fi rédà yẹra fún irú ìkùukùu yìí, wọ́n fi ń yẹra fún gámà pẹ̀lú, èyí tó lágbára tó ń bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, irú èyí tí Compton rí, kúrú gan-an, ibi tó gbà ò sì fẹ̀.

Ọmọ Físíìsì, Kaduna: Ẹ̀gbọ́n, ọdún àṣekágbá ni mo wà, mo fẹ́ fi gámà inú àrá ṣe prójẹ́ẹ̀tì. Súpáfáísọ̀ mi ní sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń ṣe é, kí n lọ wá nǹkan míì. Ṣé òótọ́ ni?

Àbúrò, ọ̀gá ẹ ò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ní Japan, ìkùukùu ìgbà òtútù máa ń wálẹ̀ gan-an létí òkun wọn, gámà ẹ̀ ń dé ilẹ̀, ẹ̀rọ kékeré ni ikọ̀ Teruaki Enoto gbé síbẹ̀, kódà àwọn aráàlú dáwó fún wọn. Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì 2017, ní Kashiwazaki, mànàmáná kọ, gámà ẹ̀ gbá nútírọ́ọ̀nù, èérún kan láàárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, kúrò lára naitirójìn inú afẹ́fẹ́, èyí tó ṣẹ́kù di naitirójìn-13, tí ìdajì ẹ̀ máa ń bàjẹ́ láàárín bí 10 ìṣẹ́jú, pósítírọ́ọ̀nù ló sì ń tú jáde. Àrá ń yí átọ́ọ̀mù padà! Ìwọ ro ìyẹn wò ná.

Wàhálà tìẹ ni pé ìkùukùu tiwa ga. Tó o bá lè gbé e lọ Jos, tó ga bíi 1,200 mítà, á sàn díẹ̀, àmọ́ 3,200 ni ti àwọn ará Armenia tó ń ṣe é lórí òkè Aragats, má retí ohun tí wọ́n ń rí. Kírísítálì tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bín-ín-tín tí gámà bá kàn án ni wàá wá. Lọ bẹ àwọn èèyàn tó wà ní Zaria, níbi tí rìákítọ̀ ìwádìí ti wà láti 2004, iṣẹ́ wọn ni kíka gámà. So GPS mọ́ ọn kí àkókò ẹ̀ lè péye.

Ohun tó máa tàn ẹ́ jẹ nìyí o. Tí òjò bá ti rọ̀, gámà á lọ sókè lórí ẹ̀rọ ẹ, àrá sán o, àrá ò sán o. Radon ni, gáàsì tó ń yọ látinú ilẹ̀ àti àpáta, àwọn átọ́ọ̀mù tó ń dà tó bá bàjẹ́, tí àwọn náà ń tú gámà jáde, máa ń lẹ̀ mọ́ eruku lókè, òjò á wá fọ̀ wọ́n wálẹ̀. Tiwọn ń rọra gòkè, wọ́n lè pẹ́ tó wákàtí kan kí wọ́n tó lọ tán, agbára wọn kì í kọjá nǹkan bí 3 MeV, ìyẹn agbára tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ń ní tí 3 mílíọ̀nù volt bá lé e sáré. Ti àrá ń lé kọjá ibẹ̀, ìgbà míì tí mànàmáná bá kọ báyìí, á gé bí ẹni fọ̀bẹ gé e. Tó ò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, súyà ni wọ́n á fi prójẹ́ẹ̀tì yẹn dì.

Ra bátìrì sí i. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé tí ìkùukùu bá ti ń kóra jọ báyìí, kí àrá tó sán ẹyọ kan, wọ́n ti mú iná lọ.