Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé abúlé apẹja ni Shenzhen tẹ́lẹ̀ lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tí ó ń ta fóònù sọ fún mi pé ìlú Shenzhen ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí púpọ̀ nínú ọjà rẹ̀ ti ń wá, kò ju abúlé àwọn apẹja lọ nígbà tí èmi ti di géńdé. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe tí abúlé fi di ìlú ńlá níṣojú mi báyìí, ó ní òun kò mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Èkejì, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n rí gbà? (Òǹkàwé yín láti Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ọmọ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ó gé ìtàn náà kúrú. Kí ó tó di ọdún 1979 tí wọ́n sọ ọ́ di ìlú Shenzhen, Bao'an ni wọ́n ń pe agbègbè náà, àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀ sì ti lé ní 300,000. Òótọ́ ni pé apẹja wà ní etí omi, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù, Shenzhen fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìlú kékeré tí ó ní ọjà, tí ọkọ̀ ojú irin láti Kowloon sí Guangzhou ti ń gbà kọjá láti ọdún 1911. Kódà kòtò omi jíjìn tí ó máa ń wà láàárín oko ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ẹ ò rí i pé orúkọ àgbẹ̀ ni.

Ohun tí ó mú ìlú náà dàgbà wà ní òdìkejì odò. Hong Kong nìyẹn, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tí owó iṣẹ́ ibẹ̀ sì ju ti Bao'an lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, débi pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi òru wẹ omi sá lọ síbẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń kú sínú omi. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Guangdong, tí Xi Zhongxun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, rí i pé ṣọ́jà tí ó ń ṣọ́ ẹnu ibodè kò lè dá wọn dúró, wọ́n bẹ ìjọba ní Beijing pé kí wọ́n fún àwọn láyè láti ṣe ọrọ̀ ajé lọ́nà mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Shenzhen di agbègbè ọrọ̀ ajé àkànṣe: àjèjì lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, owó orí rẹ̀ yóò dín kù, yóò sì lè gba òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Àwọn oníṣòwò Hong Kong, tí ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ti di ọ̀wọ́n fún lọ́dọ̀ wọn, kó ẹ̀rọ ìránṣọ àti iṣẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé kọjá odò.

Àwọn kan máa ń sọ pé òfin náà nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. N kò gbà. Ìlú Shantou gba irú àṣẹ kan náà. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, eré ni ìlú náà ń sá. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé Guomao alájà 53, tí ó parí ní ọdún 1985, ó tó àkókò kan tí wọ́n ń fi ọjọ́ mẹ́ta parí àjà kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, wọ́n ta ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ìjọba ní gbàǹjo ní gbangba, nígbà tí òfin ilẹ̀ Ṣáínà ṣì kà á léèwọ̀. Òfin ni ó yí padà bá wọn ní ọdún 1988. Ọdún 1987 yìí kan náà ni wọ́n dá Huawei sílẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni olú ilé iṣẹ́ Transsion wà, àwọn tí ó ń ṣe Tecno àti Itel tí ó ṣeé ṣe kí ó kún ṣọ́ọ̀bù ọmọ yín. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2020, iye wọn ti di mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀.

Ní ti àwọn onílẹ̀, ìjọba gba oko wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí kù sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n wó ilé baba wọn, wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́fà sí mẹ́jọ dípò rẹ̀, àwọn ilé náà sì fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò méjì fi lè bọ ara wọn lọ́wọ́ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì fi yá àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń wọ́ wá láti gbogbo Ṣáínà. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ti di olówó nípa bẹ́ẹ̀. Àwọn ayálégbé ni àánú wọn ṣe mí jù, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò ní hukou, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ó sọ ènìyàn di ọmọ ìlú, tí ó sì ń mú kí ó rọrùn fún ọmọ rẹ̀ láti wọ ilé-ìwé ìjọba. Ní Baishizhou, tí ó wà lára èyí tí ó tóbi jù nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ayálégbé kó jáde ní ọdún 2019 kí wọ́n lè tún ibẹ̀ kọ́. Àwọn onílé ní owó gbà-má-bínú láti gbà. Ayálégbé kó ẹrù rẹ̀, ó sì wá ilé-ìwé mìíràn fún ọmọ.