Gíráàmù 500 ẹ̀wà gbígbẹ, ife mélòó ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìlànà ìdáná kan tí mo fẹ́ tẹ̀lé ní kí n lo gíráàmù 500 ẹ̀wà gbígbẹ. Mi ò ní òṣùwọ̀n nílé, ife nìkan ni mo ní. Ife mélòó ni kí n bù? Òmíràn tún ní kí n lo ife mẹ́ta ẹ̀wà jíjinná, gbígbẹ sì lèmi ní.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ẹ bu ife méjì ààbọ̀, kí ẹ fi díẹ̀ lé e. Bí ife yín bá ń gba mílílítà 240, ẹ̀wà gbígbẹ tó bá kún un sábà máa ń wọ̀n tó gíráàmù 180 sí 200.

Àmọ́ ẹ má sọ nọ́ńbà yẹn di òfin o. Ẹ̀wà nìkan kọ́ ló ń kún ife. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín àwọn hóró náà ń gbàyè níbẹ̀. Ẹ̀wà funfun wẹ́wẹ́ máa ń fún mọ́ra, ife kan rẹ̀ lè tó gíráàmù 208. Ti olójú dúdú kì í sábà ju nǹkan bí 167 lọ. Nítorí náà, gíráàmù 500 yín lè má tó ife méjì ààbọ̀, ó sì lè pé mẹ́ta géérégé.

Ọwọ́ tó ń bù ú náà tún wà ńbẹ̀. Ẹ gbé ife kalẹ̀, ẹ rọra da ẹ̀wà sí i títí á fi kún, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ẹ má gbo ife náà jìgìjìgì, torí ẹ̀wà á rọ̀ wálẹ̀, ẹ ó sì tún rí àyè bu sí i.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ wá ẹ̀wà tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára ọ̀rá, ká ní kílò kan. Ẹ fi ife yín bù ú tán, kí ẹ máa kà á. Bó bá jẹ́ ife márùn-ún ààbọ̀, ẹ fi 5.5 pín 1000, ó di nǹkan bí gíráàmù 182 fún ife kan. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ó ti máa rí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe wàhálà yìí fún irú ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n bá kọ ounce 8 sára ife, ti nǹkan olómi nìyẹn. Ẹ̀wà tó kún un kì í tó ounce 8 lórí òṣùwọ̀n.

Ní ti jíjinná, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Èmi náà ti fi ife mẹ́ta gbígbẹ sínú ìkòkò rí níbi tí wọ́n ti ní mẹ́ta jíjinná. Ẹ̀wà wú, ó ṣí ọmọrí, a jẹ ẹ́ títí ó fi sú wa. Ife gbígbẹ kan máa ń di ife méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta tó bá jinná, nítorí náà ife kan àti ìdámẹ́rin á tó yín. Kí ẹ sì wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rẹ ẹ́ sómi. Èyí tó bá sùn sómi mọ́jú á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì.