Kí Ló Dé Tí Hẹlikọ́pítà Onírìmóòtù Mi Ń Ju Ìrù?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Hẹlikọ́pítà onírìmóòtù, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní 450, ni mo ní, apá abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ gùn tó mìlímítà 325. Tí mo bá gbé e sókè lójijì, imú rẹ̀ a máa yí sí òsì. Mo wá yọ apá abẹ̀bẹ̀ ìrù tí wọ́n fi ike ṣe, tó jẹ́ mìlímítà 60, mo fi ti carbon tó jẹ́ 70 rọ́pò rẹ̀. Imú kò yí mọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń ju ìrù bí ajá tó rí olówó rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ ti yí ìrù padà, ẹ kò sì tíì tún gyro, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí ara ọkọ̀ bá ń yí, ṣe kó bá a mu. Abẹ̀bẹ̀ orí tó ń yí sí ọ̀tún máa ń fẹ́ yí ara ọkọ̀ sí òsì, abẹ̀bẹ̀ ìrù ló sì ń dá a dúró. Bí ara ọkọ̀ bá fẹ́ yí, gyro á mọ̀, á sì pàṣẹ fún servo, mọ́tò kékeré tó ní ọwọ́, kí ó yí igun apá ìrù padà. Àṣẹ tó ń pa nígbà tí apá wà ní 60 náà ló ṣì ń pa, bẹ́ẹ̀ èyí tó gùn ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, nítorí pé ṣóńṣó rẹ̀ tún ń sáré ju ti kúkúrú lọ. Ìrù á kọjá ibi tó yẹ kó dúró, gyro á dá a padà, á tún kọjá lódìkejì.

Ẹ dín gain gyro, ìyẹn bí àṣẹ rẹ̀ ṣe ń le tó, kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fò ó wò lẹ́yìn ìdínkù kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ fi ìka méjì di apá ìrù kan mú, kí ẹ rọra yí igun rẹ̀ síwá-sẹ́yìn: bí ó bá yẹ̀ kí ọwọ́ servo tó mì, ìsopọ̀ kan ti dẹ̀, kò sì sí gain tó lè wo ìyẹn sàn.

Lójú tèmi, 70 ti pọ̀ jù. Ó ń fa iná bátìrì, ó ń di ẹrù ru servo, ó sì ń dín àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti apá abẹ̀bẹ̀ orí kù; èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí apá méjì tó bá kan ara wọn lójú òfúrufú á fọ́ yángá. Carbon dára, torí pé ike máa ń tẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá le, ṣùgbọ́n ẹ ra èyí tó gùn bíi ti àkọ́kọ́. Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ wo ìyára abẹ̀bẹ̀ orí. Mọ́tò kan náà ló ń yí orí àti ìrù. Bí orí bá ń falẹ̀, ìrù náà á falẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni imú ti ń yí sí òsì láti ìbẹ̀rẹ̀.