Oògùn Irun: Ohun Tó Ń Tún Ṣe àti Ohun Tó Ń Bà Jẹ́

Lẹ́tà lórí irun tó ń rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí. A yan márùn-ún. Ohun kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tó kọ̀wé mọ̀ kó tó náwó: oògùn kò lè hu irun níbi tí ihò irun ti kú. Ihò tó ń sinmi, tàbí èyí tó ń kéré sí i lójoojúmọ́, ni oògùn ń jí. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó mú irun lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi minoxidil sí àtàrí mi tó ń pá. Dípò kí irun hù, ṣe ló tún ń rẹ̀ sí i. Bí mo bá ya irun, ó ń kún inú kóòmù. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? — Ọkùnrin ẹni ọdún 34, Òṣogbo

Ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà ṣe máa ń ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ. Gbogbo irun orí kì í hù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn ń gùn sí i lọ́wọ́, òmíràn sì ti dáwọ́ dúró, ó kàn jókòó sínú ihò rẹ̀ ni, ó ń retí ọjọ́ tí yóò bọ́. Bí minoxidil bá jí ihò tó ń sinmi, irun tuntun á máa yọ bọ̀ nísàlẹ̀, á sì ti èyí tó ti gbó jáde, bí eyín àgbà ṣe ń ti eyín ọmọdé. Tó bá kọjá oṣù mẹ́ta tí kò dẹwọ́, tàbí tí awọ orí ń yún, tó ń ta, tó sì ń bó, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ní ti ayédèrú, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn náà máa bàjẹ́ ni kí ẹ wò lára páálí. Èyí tí wọ́n bù sínú ìgò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, ẹ má rà á.

Bí a ṣe ń lò ó gan-an ló sábà ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Oògùn olómi 5% fún ọkùnrin, mìlílítà kan ni láàárọ̀, mìlílítà kan lálẹ́. Awọ orí gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ fi kóòmù la irun, kí ẹ kán an díẹ̀díẹ̀ sójú ìlà náà, kí ó kan awọ. Èyí tó bá dúró lórí irun ti ṣòfò. Ẹ fi ìka tẹ́ ẹ yí ká, kí ẹ sì fọwọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Omi ò gbọdọ̀ kan orí títí wákàtí mẹ́rin á fi kọjá. Ti alẹ́, ẹ lò ó ní wákàtí méjì kí ẹ tó sùn, torí bó bá ra ìrọ̀rí, ìrọ̀rí á rà á padà sójú yín, irun á sì máa hù sí iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí ẹ ò fẹ́ ẹ. Ọtí líle wà nínú oògùn olómi yìí, iná sì lè mú un: ẹ má fi í sórí nítòsí sítóófù. Ẹni tó bá ń lo ìlọ́po méjì kò ní rí irun kíákíá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó oògùn sínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Èyí ló gbé wa dé ibi tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lò ó mọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni minoxidil tẹ́lẹ̀. Ní 1979 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí hóró tí wọ́n ń gbé mì fún ẹ̀jẹ̀ ríru tó le. Àwọn tó ń gbé e mì ni wọ́n rí i tí irun ń hù sí wọn lára káàkiri. Nígbà tó di 1988, wọ́n fọwọ́ sí èyí tí a ń fi sórí. Nítorí náà, bí àyà yín bá ń lù kìkì, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ẹsẹ̀ tàbí ojú ń wú, tàbí tí ẹ wúwo sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ní àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ dókítà kó tó fọwọ́ kàn án rárá. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, kì í ṣe tiwọn.

Bó bá jẹ́ pé yíyún nìkan ni, propylene glycol tó wà nínú oògùn olómi ló sábà ń fà á. Oògùn alífóòmù kò ní in, ẹ lè pààrọ̀ sí i. Bí ẹ bá ní ọmọ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kó fi ojú tàbí ẹnu kan orí yín lẹ́yìn tí ẹ lò ó, pàápàá bí ẹ bá ń gbé e kọ́rùn. Irun ti hù sára ọmọ ọwọ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó ń sin ológbò náà, kó ṣọ́ra gidigidi, torí ìwọ̀nba kékeré lè pa á.

Oṣù mẹ́rin ni kí ẹ fún un kí ẹ tó dájọ́, ọdún kan kí ẹ tó mọ ibi tó lè dé. Bí ẹ bá sì dá a dúró, láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ohun tó hù á padà lọ. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ìgò àkọ́kọ́ láì mọ èyí.

Ṣé fítámì bíótìnì 10,000 tí gbogbo ayé ń lò lè mú kí irun mi dí? — Obìnrin, Abẹ́òkúta

Rárá, àfi bí ara yín bá ṣaláìní bíótìnì, èyí sì ṣọ̀wọ́n, torí ó wà nínú ẹyin tí a sè, ẹ̀pà àti ẹ̀dọ̀ ẹran. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń da àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú. Ní 2017, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè mú kí àyẹ̀wò troponin, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ti fara pa, sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Ó ń da ti thyroid, ẹṣẹ́ inú ọrùn, náà rú. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún wọn ní láàbù kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Owó rẹ̀, ẹ fi ṣe àyẹ̀wò ferritin, tó ń sọ iye irin tí ara kó pamọ́. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù, àìtó irin nínú ẹ̀jẹ̀ lè máa gba irun lórí rẹ̀ láì jẹ́ pé ó mọ̀.

London ni mo ń gbé. Wọ́n kọ finasteride 1 mg fún mi nítorí orí mi tó ń pá, owó ara mi ni mo sì fi ń rà á. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa ra 5 mg, kí n gé e sí mẹ́rin, torí ó dínwó. Ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́rin. Mo tún gbọ́ pé oògùn yìí ń gba okun ọkùnrin. Òótọ́ ni? — Ọkùnrin ẹni ọdún 38

Ti ìyàwó yín la ó fi ṣáájú. Ẹ má gé e. DHT ni hòmóònù tí ara ń ti ara testosterone ṣe. Òun ló ń sọ ihò irun di kékeré lórí ọkùnrin tó bá jogún orí pípá. Òun kan náà sì ni ọmọkùnrin inú oyún nílò kí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ tó lè dá bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ finasteride ni láti dí i lọ́wọ́. Odindi hóró ní èèpo tó bò ó, kò léwu bí aláboyún bá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gé e, ìyẹ̀fun rẹ̀ á wà lẹ́nu ọ̀bẹ, á wà lórí tábìlì, á wà lára aṣọ tí wọ́n fi ń nu tábìlì. Odindi 1 mg ni kí ẹ máa gbé mì, tàbí kí ẹ sinmi títí ìyàwó yín á fi bímọ.

Bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà yìí yẹ ní gbígbọ́. Ní abúlé Salinas ní Dominican Republic, wọ́n rí àwọn ọkùnrin kan tí ara wọn kò lè ṣe DHT bó ṣe yẹ láti inú oyún. Ìwádìí lórí wọn jáde ní 1974. Nígbà tí wọ́n dàgbà, prostate wọn, ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kéré, orí wọn kò sì pá. Oògùn tó ń ṣe bíi tiwọn ni finasteride: 5 mg fún prostate tó wú ní 1992, 1 mg fún irun ní 1997. Hóró 1 mg lójúmọ́ máa ń fa DHT inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí 70%.

Ní ti okun, òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi gbàṣẹ, bí a bá ṣírò ó sí 1,000 ọkùnrin, 18 nínú àwọn tó lo oògùn ni ìfẹ́ ìbálòpọ̀ wọn dín kù. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú, 13. Àìlè dìde, 13 sí 7. Omi àtọ̀ náà lè dín kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ̀ sípò lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró. Àwọn kan wà, wọn ò pọ̀, tí wọ́n ní kò lọ kódà lẹ́yìn tí àwọn jáwọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ti wà nínú ìwé tó ń bá oògùn náà rìn, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì ló ń bà wá lẹ́rù jù. Finasteride lè mú ìbànújẹ́ tó wúwo wá, ó sì lè mú èrò láti gba ẹ̀mí ara ẹni wá. Ní 2024, àjọ MHRA tó ń bójú tó oògùn ní Britain ní kí wọ́n máa fi káàdì ìkìlọ̀ sínú páálí rẹ̀. Ní 2025, àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lè mú èrò láti gba ẹ̀mí ara ẹni wá. Ẹ wá káàdì yẹn nínú páálí tiyín, kí ẹ fi han ìyàwó yín, torí ẹni tó ń bá yín gbé ló máa tètè rí i pé ẹ ti yàtọ̀. Bí irú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni kí ẹ dá a dúró, kí ẹ pe dókítà. Kókó nínú ọmú tàbí ọmú tó ń ro, dókítà náà ni.

Nǹkan méjì tí wọn kì í sábà sọ. Finasteride máa ń fa PSA, àyẹ̀wò prostate, wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí jẹjẹrẹ prostate ń mú jù, nítorí náà ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò pé ẹ ń lò ó, kó lè fi méjì sọ iye tó bá rí di púpọ̀. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀ títí oṣù kan á fi kọjá lẹ́yìn hóró tó kẹ́yìn, kó má baà bọ́ sára aláboyún.

Ọmọ mi, ọdún mẹ́fà, irun orí rẹ̀ ń já ní ojú kan ojú kan, ibẹ̀ ń fún bí eérú. Ìpara tí mo rà ní kẹ́míìsì, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà dé. — Ìyá ọmọ, Ìlọrin

Ó jọ làpálàpá orí. Ìpara kò lè wò ó torí inú irun gan-an, nísàlẹ̀ awọ, ni kòkòrò náà ń gbé. Ìpara alápòpọ̀ tó ní stẹ́rọ́ìdì nínú ló ń mú kó rọlẹ̀, tí kòkòrò sì ń gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Oògùn gbígbé mì ni: griseofulvin, 20 sí 25 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ọmọ kílò 20, 400 sí 500 mg nìyẹn, àmọ́ dókítà ni kó kọ ọ́. Ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá, mílíìkì tàbí ẹyin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara kì í gbà á dáadáa. Orí lè fọ́ ọ, inú lè rú u. Ẹ fi ọṣẹ ketoconazole fọ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì wo orí àwọn ọmọ yòókù nínú ilé. Ẹ má dá a dúró nítorí pé irun ti ń yọ; ibẹ̀ gan-an ló ti ń padà.

Ẹ̀bátí mi ti pá láti ọdún mélòó kan, àtàrí mi náà ti ń pá, ó ń yún, ó ń ta. Wọ́n fún mi ní clobetasol, oṣù karùn-ún rèé tí mo ti ń fi í lójoojúmọ́. — Obìnrin ẹni ọdún 45, Ìbàdàn

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn méjì lórí kan. Ti ẹ̀bátí, irun tí wọ́n ń fà le koko ló fà á, súkú àti atáṣìmẹ́ǹtì tó wúwo. Ti àtàrí jọ èyí tí àwọn dókítà awọ ń pè ní CCCA, tó ń mú obìnrin aláwọ̀ dúdú jù, tó ń bẹ̀rẹ̀ láàárín orí tó sì ń ràn yí ká. Ìwádìí kan ní 2019 rí i pé àwọn kan jogún rẹ̀, nítorí náà ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru onídìrí.

Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀ dáadáa. Bó bá rí ojú ihò wẹ́wẹ́, ìrètí wà. Bí awọ bá ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí tí kò sí ojú ihò kankan, irun ibẹ̀ ti lọ, minoxidil kò lè ṣe nǹkan sí i. Etí ibi tó ń pá lọ la ó gbà là. Dókítà awọ lè gé awọ bíńtín tí kò ju 4 mm lọ fún àyẹ̀wò kó lè dájú.

Clobetasol 0.05% kì í ṣe oògùn burúkú. Òun ló ń pa iná tó ń jó ihò irun. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún lójoojúmọ́ ti pọ̀ jù. Ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, ó ń bó àwọ̀ ibẹ̀. Stẹ́rọ́ìdì yìí kan náà ni àwọn kan fi ń bóra. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n sábà ń lò ó lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Dókítà ni kó darí yín. Ó tún lè fún yín ní abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì triamcinolone sínú awọ orí lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ojú abẹ́rẹ́ lè wọnú díẹ̀, ó sì sábà máa ń dìde padà. Bí ó bá kọ oògùn apakòkòrò doxycycline 100 mg, ẹ fi odindi kọ́ọ̀pù omi gbé e mì, kí ẹ má dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí bó bá há sọ́nà ọ̀fun, ó ń jó o. Ẹ má fi mílíìkì tẹ̀lé e. Oòrùn á tètè máa jó yín lára. Aláboyún kì í lò ó.

Ní ti ẹ̀bátí, irun dídì tó bá jẹ́ kí ẹ máa wá paracetamol lálẹ́, tàbí tó bá yọ kókó wẹ́wẹ́ sí ìdí irun, ẹ tú u lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má wo owó tí ẹ san. Ẹ fi rílásà sílẹ̀ títí yíyún á fi kúrò. Kí ẹ sì máa ya fọ́tò àtàrí yín lójú fèrèsé kan náà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ibi tó pá kò bá fẹ̀ sí i láàárín fọ́tò méjì, oògùn náà ń ṣiṣẹ́, kódà bí ẹ ò tíì rí irun tuntun kankan.