Ẹ má ra oscar kẹta o

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹja oscar méjì lẹ ní, ìkan ní àmì bíi ti ẹkùn, ìkan pupa, wọ́n ti tó íǹṣì 5, táńkì gíláàsì yín sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Èyí tó tóbi díẹ̀ kò jẹ́ kí èkejì rímú mí, ẹnìkan wá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ra ẹ̀kẹta kí ìyà náà lè pín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Mo ti ṣe é rí.

Mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ní Ìbàdàn níbí. Wọn ò ju àtàǹpàkò lọ nígbà tí mo rà wọ́n. Ẹni tó tà wọ́n fún mi sọ̀yà pé táńkì bíi ti yín yẹn, tó ń gba nǹkan bíi 120 lítà, á gbà wọ́n títí ayé. Irọ́ ni. Oscar tó ń rí jẹ tí omi rẹ̀ mọ́ lè fi nǹkan bí íǹṣì kan gùn sí i lóṣù kan nígbà èwe rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, ó sì lè tó íǹṣì 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ti gbó. Ìbátan ẹ̀pìyà ọjà wa ni. Agbègbè odò Amazon ló ti wá, wọ́n sì ń pa á jẹ ní Brazil. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa, wọ́n wo táńkì títí, wọ́n ní, “Ìgbà wo lẹ máa sè é?”

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, méjì nínú wọn ti mọwọ́ ara wọn, wọ́n sì sọ ẹ̀kẹta di ẹran ìyà. Ó dúdú bí ẹni tí wọ́n fi èédú kùn, ẹ̀yìn ọ̀pá fílítà tó ń sẹ́ omi táńkì ló ń sá sí, lẹbẹ ìrù rẹ̀ ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Àmì roboto bí ẹyinjú tó wà nídìí ìrù wọn, wọ́n ní ó máa ń tan piranha, ẹja tó ń bu ẹja mìíràn jẹ, jẹ nínú odò kó má lè mọ ibi tí orí wà. Kò tan ará ilé jẹ ṣá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, igbe ọmọ mi ló jí mi. Ó ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì pálọ̀. Ẹja náà ni. Ó ti fò jáde lóru, ara rẹ̀ ti gbẹ, eruku àti irun káńpẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni mo fi dé táńkì náà, n kò sì gbé ohunkóhun lé e.

Ó wá ku méjì. Mo lérò pé tọkọtaya ni wọ́n. Wọ́n á há ẹnu mọ́ ara wọn lẹ́nu, wọ́n á máa fa ara wọn síwá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ fi ẹnu ha òkúta pẹlẹbẹ kan títí yóò fi mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ kan mo dé láti ibi iṣẹ́, mo rí ẹyin rẹpẹtẹ lórí òkúta náà. Mo ti ń pe àwọn ọ̀rẹ́ pé kí wọ́n wá gba ọmọ ẹja lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹyin ti funfun bí ẹ̀kọ, àwọn méjèèjì sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbà pé abo ni àwọn méjèèjì. Kò sí bí ẹ ṣe lè wo oscar lásán kí ẹ mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Àfi tí wọ́n bá ń múra àtiyé ẹyin, tí ọ̀pá kékeré kan yọ lábẹ́ ikùn wọn. Ẹni tó bá ní tọkọtaya lòun fẹ́ tà fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ kọjá.

Ohun tó pẹ́ kó tó yé mi ni ọ̀rọ̀ omi. Ẹja tó bá tóbi, ìgbẹ́ rẹ̀ á tóbi. Nígbà kan mo bọ́ fóòmù inú fílítà, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi títí ó fi ń ta sánsán, inú mi sì ń dùn sí ìmọ́tótó ara mi. N kò mọ̀ pé inú ìdọ̀tí yẹn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ amóníà, májèlé inú ìgbẹ́ ẹja, di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ ń gbé. Mo ti pa gbogbo wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹja méjèèjì ti gbé ẹnu sójú omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Ojoojúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ omi fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó tún rọlẹ̀. Omi tí mo bá fà jáde nínú táńkì náà nìkan ni mo fi ń ṣan fóòmù báyìí. Tí wọ́n bá sì mú iná, mo ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì, torí mi ò lè máa tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí ẹja.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ihò tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́ yọ níwájú orí ọ̀kan nínú wọn. N kò ra oògùn. Mo ń pààrọ̀ ìdajì omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì dá ọkàn màlúù tí mo ń gé fún wọn dúró, nítorí ọ̀rá ẹran kò bá inú wọn mu. Hóró oúnjẹ ẹja, edé àti ekòló ni wọ́n ń jẹ báyìí. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ihò náà tó dí.

Táńkì yín ni mo máa kọ́kọ́ bá wí, kí n tó dá ẹja lẹ́bi. Èyí tí wọ́n ń lù kò ní ibi tó máa sá sí, èyí tó ń lù ú kò sì lè ṣe kó má máa rí i. Fún oscar méjì tó ti gbó, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, 2 ní fífẹ̀, 2 ní gíga ni mo wá ṣe. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 680 lítà, omi inú rẹ̀ nìkan sì wúwo tó 680 kílò, ẹ má gbé e lé tábìlì káfíńtà o. Bí owó rẹ̀ kò bá tíì sí, ẹ fi ọ̀kan tọrẹ. Èyí tó kù kò ní kú nítorí ìdáwà. Ẹ̀yin fúnra yín ló máa máa sáré wá bá lójú gíláàsì.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, ẹ wá awọ̀n oníke tàbí gíláàsì tó ní ihò kéékèèké, kí ẹ fi pín táńkì náà sí méjì kí wọ́n má baà fọwọ́ kan ara wọn. Ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú.