Èsì: Kọ́ńpáàsì ló wà lára owó yẹn, kì í ṣe àlùmọ́gàjí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní owó ẹyọ Mark 1 tí ẹ rí yìí jẹ́ ti ìjọba kọ́múníìsì, kí ló dé tí òòlù wà lára rẹ̀ tí kò sí dòjé? Owó Jámánì Ìlà Oòrùn ni, ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè méjì tí Jámánì pín sí nígbà yẹn, kì í ṣe ti Soviet (Rọ́ṣíà àtijọ́) tó ń lo òòlù àti dòjé. Ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹ pè ní àlùmọ́gàjí, kọ́ńpáàsì ni, irú èyí tí ọmọ iléèwé fi ń ya róbótó. Òòlù dúró fún òṣìṣẹ́, kọ́ńpáàsì dúró fún àwọn ọ̀mọ̀wé àti ẹnjiníà.

Àwọn àgbẹ̀ ńkọ́? Ẹ wò ó dáadáa: ṣírí ọkà ráì ló yí i ká. Dípò dòjé tí wọ́n fi ń kórè, ọkà fúnra rẹ̀ ni wọ́n yà síbẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Òfin 1955 ló fìdí àmì òòlù, kọ́ńpáàsì àti ọkà yìí múlẹ̀ fún orílẹ̀-èdè náà. Àsíá dúdú, pupa àti wúrà kan náà ni Jámánì méjèèjì ń lò títí di 1959, kí Ìlà Oòrùn tó fi àmì yìí sáàárín tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba yẹn ń wó lọ ní 1989, àwọn aráàlú kan gé àmì náà kúrò lára àsíá, wọ́n sì gbé àsíá oníhò jáde sí títì. Mo ti rí fọ́tò ọ̀kan: etí ihò náà rí wúruwùru, ó hàn pé ìkánjú ni wọ́n fi gé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha owó yẹn o. Alumíníọ̀mù ni, ó tètè ń bó.