Áńpù mélòó ló máa gbé pátákó LED àti relay?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo to pánẹ́ẹ̀lì LED pupa tí wọ́n ń pè ní P10 mẹ́fà pọ̀ fún pátákó ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi bọ́ọ̀dù relay (ṣíṣì tí iná ń tàn tó sì ń pa) mẹ́jọ kún un tí yóò máa tan gílóòbù etí rẹ̀. Power supply (ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di 5V) 5V 10A ni mo lò. Bí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ bá kéré, ó ń ṣiṣẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá tàn, á máa ṣẹ́jú. Bí relay bá ké ká lẹ́ẹ̀kan náà, káàdì tó ń darí ọ̀rọ̀ ojú pátákó á kú, á tún tàn padà. Wọ́n ní kí n ra 40A. Ṣé kò ní jó pánẹ́ẹ̀lì? — Oníwáyà, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Kò ní jó o. Fóltì tó bá pọ̀ jù ló ń jó pánẹ́ẹ̀lì. Bí power supply bá ti dúró sórí 5V, ìwọ̀n tí ẹrù (àwọn ohun tó ń lo iná) bá fẹ́ ló máa fà, ìyókù áńpù á wà níbẹ̀. 10A yín ló kéré.

Bí gbogbo LED 512 tó wà lára P10 pupa kan bá tàn, ẹ kà á sí 4A. Mẹ́fà jẹ́ 24A. Relay búlúù kékeré tó wọ́pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn, wáyà inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 70 ohm, ó ń fa bíi 70mA. Pẹ̀lú LED kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ pè é ní 80mA. Mẹ́jọ jẹ́ 0.64A. Ẹ fún káàdì ní 0.5A. Ó lé díẹ̀ ní 25A. Nítorí ooru inú pátákó, ẹ má gbé power supply kọjá ìdá 80 nínú 100: 25.14 ÷ 0.8 jẹ́ 31.4A. 30A kò tó, 40A náà ni.

10A tí wọ́n kọ sára relay kò sí nínú ìṣirò yìí. Iná gílóòbù tó ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Àwọn kan ń ka 1.5A fún pánẹ́ẹ̀lì kan, torí ọ̀rọ̀ tó ń sáré kì í tan gbogbo ojú. Ó dára bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí bátìrì inverter máa rù. Ẹ má fi ra power supply: ọjọ́ tí oníbàárà bá fi àwòrán kún un ni wàhálà dé.

Wáyà ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wáyà bàbà 1.5mm² ní bíi 0.012 ohm lórí mítà kan. Bí power supply bá fi mítà 3 jìnnà, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 6. Bí 12A bá gba ibẹ̀, bíi 0.86V ti lọ, 4.1V ló kù fún pánẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ẹ gbé power supply sẹ́yìn pátákó gan-an. Ẹ má ti ara pánẹ́ẹ̀lì kan gbé iná fún èkejì títí dé ẹ̀kẹfà. Ẹ fa wáyà 2.5mm² ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ẹnu power supply lọ bá pánẹ́ẹ̀lì méjì-méjì. Kí bọ́ọ̀dù relay ní tirẹ̀, kí káàdì ní tirẹ̀.

Bí ti yín bá ní bọ́tìnnì 110/220 lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ rí i pé 220 ló wà kí ẹ tó tan án. Lẹ́yìn náà, ẹ tan gbogbo LED, kí ẹ fi mítà tí a fi ń wọn iná wo fóltì pánẹ́ẹ̀lì tó jìnnà jù. Bí ó bá wálẹ̀ ju 4.8V lọ, ẹ kọ́kọ́ fi wáyà kún un. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yí skúrù ADJ tó ń gbé fóltì power supply sókè tàbí sílẹ̀, kó má sì kọjá 5.2V lẹ́nu power supply.